Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ: Ohun tí Ìyá Gbọ́dọ̀ Béèrè Kí Ọmọ Tó Lọ sí Òde Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí sáà ilé-ìwé bá ti ń lọ sí òpin, ìwé kékeré kan a máa bá ọmọ wọlé. Ọmọ a yọ ọ́ jáde láti inú àpò ìwé rẹ̀, a sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Nínú ìwé náà ni a kọ ọ́ sí pé ilé-ìwé fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún, tàbí pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin fẹ́ lọ wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí pé eré ìdárayá ọdọọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iye owó tí òbí yóò san wà níbẹ̀. Irú aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ wà níbẹ̀. Àyè tí òbí yóò fọwọ́ sí wà nísàlẹ̀. Ní Òkè-Ọ̀dàn bí ó ti rí ní Ìláròó, ní Ayétòrò bí ó ti rí ní Ìdírókò, ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò wo iye owó náà, tí yóò mí kanlẹ̀, tí yóò wá owó náà jáde, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀rọ̀ parí.

Kì í ṣe pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó gbà pé àwọn tí ó pe òde ti ro gbogbo rẹ̀ já ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: ta ni yóò máa ṣọ́ ọmọ, ibo ni ọmọ yóò gbà jáde bí wàhálà bá dé, irú ọkọ̀ wo ni yóò wọ̀, àti pé ta ni yóò wa ọkọ̀ náà. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí kò ju èyí lọ: ewu tí ń bẹ ní òde ọmọdé kì í sábà já bọ́ láti ojú ọ̀run lójijì. A máa fara hàn ṣáájú ọjọ́ náà fún ẹni tí ó bá béèrè. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Arọ kò lè sáré bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ fún un lánàá pé ogun ń bọ̀ lọ́la, yóò ti kúrò lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí arọ ni ọmọdé rí láàrin èrò. Kò ga tó ẹni tí ń rí iwájú, kò sì lágbára láti ti àgbàlagbà kúrò lára rẹ̀. Àwa ìyá ni a gbọ́dọ̀ bá a gbọ́ ti ogun náà sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé síbi àríyá ọdún ní ọgbà Islamic High School tí ó wà ní Baṣọ̀run. Wọ́n ṣe ìlérí ẹ̀bùn àti owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ọmọ. 5,000 ọmọ ni wọ́n ń retí. Ọdún ọ̀wọ́n ni ọdún náà, òkìkí àríyá náà sì ti kàn káàkiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni èrò ti ń wọ́ lọ sí ẹnu géètì. Àwọn tí ó dé pọ̀ ju ohun tí ẹnu ọ̀nà lè gbà lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, àwọn ọlọ́pàá kéde pé ọmọ 35 ni ó kú. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Okija ní Ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama ní Abuja, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ fún àwọn aláìní.

Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni dá àwọn ìyá tí ó mú ọmọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà lẹ́bi. Ìfẹ́ ni ó mú wọn jáde. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn náà jẹ ìgbádùn ọdún. Ẹjọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi kì í ṣe tiwa láti dá, ti ilé-ẹjọ́ ni. Iṣẹ́ tiwa ni kí a kọ́gbọ́n, nítorí ẹni tí ó jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń pa á nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń kú, orí ìdúró ni èémí ti ń dí mọ́ wọn nínú. Ẹ rántí bí a ti ń ki gaàrí sínú àpò tí a sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi sí àyè kankan mọ́. Bí èrò bá fún mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀, àyà ènìyàn kò ní rí àyè wú láti fa èémí sínú, ọmọ tí orí rẹ̀ kò sì ga ju ìgbáròkó àgbàlagbà lọ ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa èrò sọ pé bí ènìyàn bá ti ju márùn-ún lọ lórí ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan, ewu ti ń wọlé. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò sì lè mọ̀ pé àwọn tí ó wà níwájú ń kú lọ. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹ̀bùn wà níwájú, ó sì ń tì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyà ilẹ̀ wa nìkan ni ó ń fa irú èyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1883, àwọn ọmọdé péjọ sí gbọ̀ngàn Victoria Hall ní ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wòran. Nígbà tí eré parí, àwọn ọmọ tí ó jókòó sí òkè gbọ́ pé wọ́n ń pín ẹ̀bùn nísàlẹ̀, wọ́n sì sáré gba orí àtẹ̀gùn lọ. Ìlẹ̀kùn tí ó wà ní ìdí àtẹ̀gùn náà ni wọ́n ti fi irin há, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ó wà níwájú há, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀. Ọmọ 183 ni ó kú. Láti inú ìbànújẹ́ náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é lófin pé ìlẹ̀kùn ibi tí èrò ń péjọ sí gbọ́dọ̀ máa ṣí síta, kí èrò tí ń sá jáde lè tì í gbalasa.

Ẹ gbé ìtàn méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọdún 141 ni ó wà láàrin wọn, òkun sì wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n: ẹ̀bùn tí a pariwo rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tóóró, ọmọ púpọ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà náà. Kò sí èyí tí ojú kò lè rí kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìbéèrè mẹ́rin tí a fi ń wá ewu rí

Ìyá tí kò kàwé púpọ̀ pàápàá lè wá ewu rí. Bí a bá ti pe òde kan, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́rin. Èkínní, kí ni ó lè ṣe ọmọ níbí? Èkejì, ọmọ wo ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Ẹ̀kẹta, kí ni a lè ṣe sí i kí ọjọ́ náà tó pé? Ẹ̀kẹrin, ta ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni ó ń ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó sì ń gbàgbé ìkẹrin. Iṣẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, olúkúlùkù ni yóò rò pé ẹnì kejì òun ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi kànga ṣe àpẹẹrẹ. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ìwé, páànù tí wọ́n fi bò ó sì ti jẹrà. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ lè já sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò kọ́kọ́ ṣe, nítorí àwọn ni kò mọ ohun tí kànga jẹ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a pe káfíńtà kí ó kan ìdérí tuntun tí ó ní àgádágodo. Ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni akápò Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́, ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ayẹyẹ ni a sì dá fún un. Bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ewu kan ti dín kù.

Bí ọ̀nà bá wà láti mú ewu kúrò pátápátá, ẹ mú un kúrò. Bí kò bá sí, ẹ dín in kù. Bí kò bá ṣe é dín kù, ẹ fi ohun náà sílẹ̀ kí ẹ ṣe òmíràn. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì ní ilẹ̀ Yewa. Ẹ wo ibi tí a bá ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí èrò ti pọ̀ tó, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa lé èrò sẹ́yìn kí agbo lè gbòòrò, kí ọ̀nà sì là fún ẹni tí ń bọ̀ wá jó. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ojo. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé láìsí wọn, agbo yóò tú ni.

Bí òde náà bá jẹ́ ti inú ọgbà ilé-ìwé

Ẹ kọ́kọ́ wo géètì. Bí ọ̀nà bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ béèrè bóyá a lè ṣí òmíràn, kí àwọn tí ń wọlé àti àwọn tí ń jáde má baà pàdé ara wọn. Lọ́jọ́ òde, kò yẹ kí wọ́n fi àgádágodo ti ọ̀nà àbájáde nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú ọgbà. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ ni kí wọ́n fi síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín ẹ̀bùn ní ẹnu ọ̀nà tàbí lórí ìtàgé láé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó ní kíláàsì rẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ gbé ẹ̀bùn lọ bá a níbẹ̀. Kí iye ẹ̀bùn pé iye ọmọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ọmọ bá ti fura pé ẹ̀bùn lè tán kí ó tó kan òun, yóò sáré. Bí ilé-ìwé kò bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò yòókù ya wá, kí wọ́n má ṣe kéde ẹ̀bùn náà ní ọjà tàbí lórí rédíò.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìrẹsì tí a sè ní òru tí a sì dé mọ́ inú kúlà títí di ọ̀sán lè ti di oúnjẹ àwọn kòkòrò tí ojú kò rí kí ó tó di oúnjẹ ọmọ. Oúnjẹ tí ó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò yẹ fún ọmọdé. Kí wọ́n sè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n pín in nígbà tí ó ṣì ń rú èéfín, kí omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ sì wà nítòsí.

Jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń lu orin gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba, kí ó jìnnà sí fèrèsé kíláàsì. Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Bí ó bá kún inú yàrá, ènìyàn lè sùn kí ó má jí mọ́. Kí wáyà iná má ṣe gba inú omi tàbí orí ilẹ̀ tí ó tutù kọjá, kí a má sì ṣe so ó mọ́ irin àgọ́ tí àwọn ọmọ yóò máa dì mú.

Ohun tuntun kan tún wà tí ó ti wọ òde àwọn ọmọ wa, èyíinì ni ilé rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fò lórí rẹ̀. Ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Devonport ní ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi ayẹyẹ ìparí ọdún, atẹ́gùn gbé irú ilé rọ́bà bẹ́ẹ̀ sókè pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́fà ni ó kú. Bí ilé-ìwé yín bá fẹ́ yá a, ẹ béèrè bóyá a fi èèkàn irin kàn án mọ́lẹ̀ ní gbogbo igun rẹ̀, àti bóyá àgbàlagbà kan yóò dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gan-an, kí wọ́n kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù.

Bí òde náà bá jẹ́ ti ìrìn-àjò

Níbi ìrìn-àjò, ìṣirò ni ó ń tú àṣírí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀. Ká ní ọmọ 40 fẹ́ lọ sí Òkè Olúmọ láti Òkè-Ọ̀dàn, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ju mẹ́fà lọ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan, nítorí náà àgbàlagbà méje ni a nílò. Gbogbo wọn di 47. Bí bọ́ọ̀sì bá ní ìjókòó 18, tí a yọ ti awakọ̀ kúrò, ó ku 17. Bọ́ọ̀sì méjì yóò gba ènìyàn 34 péré, èyí tí ó fi hàn pé mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yá. Bí owó tí ilé-ìwé ń gbà bá jẹ́ ti bọ́ọ̀sì méjì, ẹ ti mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọ lé ọmọ lórí. Ó sàn kí a fi owó díẹ̀ kún un, tàbí kí wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì kí wọ́n lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà tí ó gba Ìláròó lọ sí Papalántò ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ibese ń gbà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò wakọ̀, ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, bóyá táyà ọkọ̀ rẹ̀ dára, àti bóyá bẹ́líìtì wà ní ìjókòó. Kí wọ́n gbéra láàárọ̀, kí wọ́n sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ìyẹn kì í ṣe nítorí òkùnkùn ojú ọ̀nà nìkan. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ. Nítorí náà, kí àwọn tí ń ṣètò má ṣe máa pariwo ọ̀nà àti wákàtí tí wọn yóò gbà fún gbogbo ayé gbọ́. Kí gbogbo olùkọ́ tí ń bá ọmọ lọ mọ nọ́ńbà 122 tí í ṣe ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àti 112 tí a ń pè fún pàjáwìrì.

Bí ìrìn-àjò náà bá kan omi, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ ojú omi kan rì ní Bagwai ní Ìpínlẹ̀ Kano. Àwọn ọmọ ilé-kéwú tí ń lọ síbi ayẹyẹ Mọ́lúdì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èrò inú rẹ̀ sì ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó lé ní 20 ẹ̀mí tí ó bá a lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ yín sínú ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó fún un, kí ẹ̀wù náà sì bá ara ọmọ mu. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣeré létí odò, àgbàlagbà tí ó mọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn, tí kò sì ní máa tẹ fóònù.

Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè tún ní tiwa lọ́tọ̀. Ilé-ìwé mìíràn fẹ́ràn láti kó ọmọ gba Ìdírókò lọ sí Àjàṣẹ́. Ìrìn-àjò rere ni, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìrìnnà tí ó tọ́ àti ìwé ìyọ̀ǹda òbí, kí ó sì ní káàdì kékeré kan lára tí a kọ orúkọ olùkọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Nítòótọ́, a óò rí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn ibẹ̀ ń fi ṣiṣẹ́. Ó kéré tán, kí ẹnì kan láàrin àwọn tí ń lọ gbọ́ ọ.

Ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn

Òde tí kò ní ewu fún ọmọ ẹlòmíràn lè ní ewu fún tiyín. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun, kò gbọ́dọ̀ sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, òtútù kò sì gbọ́dọ̀ mú un. Ọmọ tí ó ní ásímà nílò oògùn tí ó ń fà símú, eruku pápá eré sì lè gbé àìsàn rẹ̀ dìde. Oúnjẹ kan wà tí ara ọmọ mìíràn kì í gbà rárá.

Àwọn ìyá kan a máa fi èyí pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún olùkọ́ tí yóò bá ọmọ yín lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ ọmọ, ohun tí ó ń ṣe é, oògùn rẹ̀ àti bí a ti ń lò ó, nọ́ńbà ìyá, nọ́ńbà bàbá, àti ti ẹnì kẹta tí a lè pè bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá gbé fóònù. Kí ẹ sì béèrè ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ibi òde àti ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ débẹ̀. Bí òde bá wà ní Òkè-Ọ̀dàn, tí ọ̀rọ̀ náà sì ju agbára àwọn tí ó wà nítòsí lọ, Ìláròó ni wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú epo nínú rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù

A mọ̀ pé kò rọrùn fún ìyàwó tuntun láti dìde kí ó máa bi ọ̀gá ilé-ìwé ní ìbéèrè. Wọ́n lè ní ó gbó ẹnu, tàbí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó bímọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀wọ̀ wà. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo rí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, inú mi sì dùn sí i. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ iye àgbàlagbà tí yóò bá àwọn ọmọ lọ àti ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀. Bí ohun kan bá wà tí àwa òbí lè fi kún un, a ṣe tán.” Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí, inú rẹ̀ yóò dùn pé ó rí olùrànlọ́wọ́. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà yín láti dá a sọ, ẹ mú un lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́. Ohun tí ìyá kan sọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, bí ìyá mẹ́wàá bá sọ ọ́, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ tí a kò kà sí a máa gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1993, olùkọ́ kan àti ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ láti ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa ọkọ̀ kéékèèké wọ òkun ní Lyme Bay pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ wọn. Ìgbì òkun dojú ọkọ̀ wọn dé, àwọn tí ó yẹ kí ó tètè wá wọn sì pẹ́. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú. Nígbà tí ìwádìí wáyé, ó hàn pé àwọn olùkọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibùdó eré náà rí ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibẹ̀ ṣáájú, pé ètò ààbò ibẹ̀ kò tó. Wọ́n sọ ọ̀gá náà sẹ́wọ̀n, nígbà tí ó sì di ọdún 1995, wọ́n ṣe òfin tuntun fún irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó ṣáájú òfin. Ká ní wọ́n ti ka lẹ́tà náà sí ni, bóyá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ìbá padà sílé.

Bí ẹ bá ti béèrè tí ẹ kò rí ìdáhùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọmọ yín kò ní lọ. Ọmọ yóò sunkún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá rẹ̀ sì lè ní owó tí a ti san ti ṣòfò. Ẹ fara dà á. Ẹ fi ọjọ́ náà ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ ọmọ nínú sílé, ẹ se oúnjẹ tí ó fẹ́, ẹ pe ọmọ aládùúgbò kan tàbí méjì wá bá a ṣeré. Ẹkún ọjọ́ kan kò ní pẹ́ kúrò lójú.

A kò wí pé kí ẹ máa há ọmọ mọ́lé o. Ọmọ tí kò jáde kò ní mọ̀ pé ayé gbòòrò. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí ó gun Olúmọ tí ó sì bojú wo òrùlé Abẹ́òkúta láti òkè yóò rántí ọjọ́ náà títí tí òun náà yóò fi bí ọmọ. Nítorí kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè dùn ni a ṣe ń béèrè.

Ẹ gé èyí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná

1. Ọmọ mélòó ni ó ń lọ, àgbàlagbà mélòó ni yóò sì máa ṣọ́ wọn?
2. Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà jáde níbẹ̀, ta ni yóò sì dúró tì wọ́n?
3. Báwo ni wọn yóò ṣe pín ẹ̀bùn, ṣé ó sì kárí?
4. Ta ni yóò se oúnjẹ, nígbà wo ni yóò sì sè é?
5. Ọkọ̀ wo ni, ìjókòó mélòó ni ó ní, ta ni yóò wà á?
6. Ṣé omi wà níbi tí wọ́n ń lọ? Ta ni ó mọ̀wẹ̀ láàrin àwọn àgbàlagbà?
7. Ilé ìwòsàn wo ni ó súnmọ́ ibẹ̀, ọkọ̀ wo ni yóò gbé ọmọ lọ?
8. Ṣé olùkọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ mi, ṣé ó sì ní nọ́ńbà mi?
9. Nígbà wo ni wọn yóò padà, ta ni yóò ka àwọn ọmọ kí ọkọ̀ tó gbéra àti nígbà tí wọ́n bá dé?

Bí ìdáhùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ wẹ ọmọ, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó lọ gbádùn ara rẹ̀.